Ẹ̀bá Títì ni Pálọ̀ Hanoi

Ìyá tó ń ta bíà ló kọ́kọ́ rí wọn. Kò sọ̀rọ̀. Ó kàn pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ọmọkùnrin rẹ̀ sì sáré jáde láti inú ilé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa àga yọ lábẹ́ àwa oníbàárà. Àga rọ́bà ni, kékeré, irú èyí tí wọ́n máa ń rà fún àwọn ọmọ jẹ́léósinmi nílé wa. Kí a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, gbogbo wa ti wà lóòró, ife lọ́wọ́ ọ̀tún, àwo ẹ̀pà lọ́wọ́ òsì. Tábìlì ti wọlé. Àga ti wọlé, wọ́n ti tò ó léra wọn títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà. Ọkọ̀ ọlọ́pàá kékeré kan rọra gba àárín òpópónà Ta Hien kọjá, gbohùngbohùn orí rẹ̀ ń ké, àwọn tó wà nínú rẹ̀ wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. Ẹ̀bá títì mọ́ tónítóní. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló kàn dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ife bíà, kò sí ẹni tó jókòó.

Ọkọ̀ náà kò tíì yà tán tí àga fi padà sábẹ́ wa. Ìyá náà tún bu bíà fún ẹni tí tirẹ̀ dà sílẹ̀, kò sì gba owó rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, tó ti ń tajà ní Ìdúmọ̀tà kí èmi tó wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, KAI, àwọn tó ń lé aláte, nìyẹn o! Aṣọ ni wọ́n fi yàtọ̀ sí ti Èkó."

Àwa mẹ́rin la jọ rìn: Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rẹ́ mi obìnrin kan tí a jọ kàwé ní Ìbàdàn, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tí wọ́n bí sí Manchester, àti èmi. A ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Hanoi, olú-ìlú Vietnam, ni. Báàgì tí a pọ̀n wá ṣì wà ní dídì ní họ́sítẹ́ẹ̀lì olówó pọ́ọ́kú kan ní àdúgbò àtijọ́, nínú yàrá tí àlejò mẹ́wàá ń sùn sí lórí bẹ́ẹ̀dì olókè àti ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a rí ní Ta Hien ní ìrọ̀lẹ́ yẹn ló ṣí ìlú náà fún mi. Ẹni tó bá fẹ́ mọ Hanoi, kó fi ilé gíga rẹ̀ sílẹ̀, kó wo ẹ̀bá títì, kó sì béèrè ẹni tó ni ín. Ìbéèrè yẹn ni ìlú náà ti ń jà lé lórí láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn tó ń pọn báàgì káyé sì ti wà nínú ìjà náà, bí wọn kò tilẹ̀ mọ̀.

Bí ọ̀nà ibẹ̀ ṣe là

Ní 1973, Tony Wheeler àti ìyàwó rẹ̀ Maureen, tí wọ́n ti gba orí ilẹ̀ láti London la Éṣíà kọjá dé Australia, tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde nípa bí ènìyàn ṣe lè rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú owó kékeré. Bẹ́ẹ̀ ni Lonely Planet ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní 1975 wọ́n gbé èkejì jáde, èyí tó dá lórí Gúúsù-Ìlà-Oòrùn Éṣíà, ìran kan sì tẹ̀ lé ìwé náà lọ sí Bangkok, Penang àti Bali.

Wọn kò dé Hanoi. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 1975 kan náà ni ogun parí ní Vietnam, orílẹ̀-èdè náà sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ àlejò afẹ́. Ebi pa wọ́n lẹ́yìn ogun. Káàdì ni ìjọba fi ń pín ìrẹsì, ẹran, àti aṣọ. Ẹni tó bá ń dá tajà lójú pópó, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni lójú òfin. Àwọn àgbàlagbà Hanoi ṣì ń rántí bí wọ́n ṣe ń jí ní òru láti fi òkúta tàbí bíríkì gba ipò fún ara wọn lórí ìlà.

Ní oṣù Kejìlá 1986 ni ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba pinnu ní àpérò rẹ̀ kẹfà pé kí àwọn ènìyàn máa ṣòwò tiwọn. Doi Moi ni wọ́n ń pe àtúnṣe náà. Ní 1994, Amẹ́ríkà mú òfin tó fi de òwò pẹ̀lú wọn kúrò. Ní 1990, nǹkan bí 250,000 àlejò láti òkè òkun ló wọ Vietnam. Ní 2019, àrùn Kòrónà kò tíì dé, wọ́n tó mílíọ̀nù 18.

Àwa ọmọ Nàìjíríà náà wà nínú wọn nísinsìnyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kéré. Láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ 2023, ìjọba Vietnam ṣí físà orí íntánẹ́ẹ̀tì fún ọmọ orílẹ̀-èdè gbogbo, ó sì lè tó ọjọ́ 90. Dọ́là 25 la san, a kọ fọ́ọ̀mù, a dúró. Àbúrò tó ní pásípọ́ọ̀tù ìlú Ọba kò san kọ́bọ̀: ọjọ́ 45 ni wọ́n fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ ìyá kan náà ni òun àti ọ̀rẹ́ mi. Ẹni tó bá ti fi pásípọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé rìnrìn-àjò rí mọ ohun tí èyí ń ṣe sí ọkàn ènìyàn, síbẹ̀ mo gbọ́dọ̀ sọ pé ilẹ̀kùn Vietnam rọrùn fún wa ju ti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tó sún mọ́ wa lọ.

Ìṣirò ni

Ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ló mú wa jáde ní òwúrọ̀ tó tẹ̀ lé e. Ní Hanoi, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan máa ń mú àlejò káàkiri láìgba owó. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń fi àlejò kọ́ ni èrè iṣẹ́ wọn.

Bí a ṣe ń sọdá títì ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tó kọ́ wa. Létí adágún Hoan Kiem ni, níbi tí òpópónà bíi mélòó kan ti pàdé, tí alùpùpù ń tú jáde bí eéṣú. Ó ní: ẹ má sáré, ẹ má dúró, ẹ má sì padà sẹ́yìn láéláé. Ẹ rìn ní ìwọ̀n kan náà, kí ẹni tó ń gùn bọ̀ lè fojú wọn ibi tí ẹ máa wà nígbà tí òun bá máa kọjá. Ẹni tó bá sáré ti da ìṣirò gbogbo wọn rú.

A wọ inú títì. Alùpùpù ń gba iwájú wa, wọ́n ń gba ẹ̀yìn wa, kò sí èyí tó fara kàn wá. Ọkùnrin kan di gíláàsì fèrèsé mọ́ ẹ̀yìn tirẹ̀. Ìyá kan gbé ọmọ méjì, àti igi òdòdó kan tó ga ju àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ. Àwọn àlejò máa ń pe èyí ní rúdurùdu, mo sì gbà pé ariwo rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n nínú rúdurùdu, ẹnikẹ́ni kì í wo ẹnikẹ́ni. Níbẹ̀, gbogbo wọn ló ń wo ara wọn láìdẹ̀wọ̀.

Kẹ̀kẹ́ ológeere ni wọ́n ń gùn títí di ìgbà Doi Moi. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Honda dé láti Japan, olówó ló sì kọ́kọ́ ní in. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 2000, alùpùpù olówó pọ́ọ́kú ti ń ya wọlé láti Ṣáínà, iye rẹ̀ wálẹ̀, tálákà náà sì ra tirẹ̀. Lónìí, alùpùpù tó wà ní Hanoi ju mílíọ̀nù mẹ́fà lọ, ní ìlú tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ.

Ọ̀nà mìíràn wo ni wọn ì bá gbà? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé inú ọ̀nà tóóró tí mọ́tò kò lè wọ̀. Bọ́ọ̀sì kò tó. Ọdún 2011 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ojú irin orí afárá àkọ́kọ́, kìlómítà 13 péré, oṣù Kọkànlá 2021 ni èrò tó wọ̀ ọ́. Ìkejì ṣí ní oṣù Kẹjọ 2024. Ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ kò lè fi ọdún mẹ́wàá dúró de ọkọ̀.

Ẹ má sì sọ pé wọn kì í gbọ́ràn sí òfin. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá 2007 ni àṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ pé kí gbogbo ẹni tó bá gun alùpùpù dé akoto. Ìlú náà dé e ní ọjọ́ kan náà. Láti oṣù Kìíní 2025, ẹni tó bá fi alùpùpù ré iná pupa kọjá yóò san mílíọ̀nù mẹ́rin sí mẹ́fà dong, owó tó lè gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó oṣù òṣìṣẹ́ kékeré. Ọlọ́kadà kan tó ń fi fóònù gba èrò sọ fún wa pé òun máa ń dúró ní iná pupa báyìí kódà ní aago méjì òru, tí kò sí ẹyẹ lójú títì.

Ibi tí inú mi kò ti dùn ni ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí wọ́n ń pọn báàgì. Wọ́n á dé lónìí, wọ́n á yá alùpùpù lọ́la, láìní ìwé àṣẹ ìwakọ̀ tí òfin ibẹ̀ mọ̀, láìgùn ún rí ní ìlú tiwọn. Ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa, bí ẹ bá wo ìdí tábìlì oúnjẹ àárọ̀, ẹ ó rí bàńdéèjì lórí orúnkún. Àwọn ilé iṣẹ́ ìbánigbófò kì í sábà san kọ́bọ̀ fún ẹni tí kò níwèé. Ẹlòmíràn ni ọ̀rọ̀ náà sì máa ń bá: ìyá aláta tí wọ́n kọ lù kò ní ẹni tó máa ṣètọ́jú rẹ̀.

Ilé tóóró, ìdílé púpọ̀

Ní 1010 ni ọba Ly Thai To gbé olú-ìlú rẹ̀ wá sí etí Odò Pupa, tó sọ ọ́ ní Thang Long. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tẹ̀ lé ààfin. Àwọn ará abúlé kan náà a jọ tẹ̀dó sí òpópónà kan, wọ́n a kọ́ ilé ìpàdé síbẹ̀, wọ́n a gbé ojúbọ abúlé wọn wá. Àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà Hang Bac, láti abúlé Chau Khe ni àwọn baba wọn ti wá, títí di òní ni wọ́n sì ń ta fàdákà níbẹ̀. Ní Hang Thiec, páànù ni wọ́n ń lù, ẹ ó gbọ́ ọ kí ẹ tó dé ibẹ̀. Ní Lan Ong, ewé, èèpo àti egbò igi ni. Ní Hang Ma, ìwé aláràbarà tí wọ́n ń sun fún àwọn òkú ọ̀run.

Ojú ìsọ̀ níye lórí, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kọ́ ilé tí ojú rẹ̀ tóóró, ṣùgbọ́n tó lè wọ inú tó mítà 60. Ọ̀kan nínú wọn ṣì wà ní nọ́ńbà 87 Ma May, tí wọ́n tún ṣe ní 1999 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ìlú Toulouse ní Faransé. Ìsọ̀ wà níwájú, àgbàlá wà láàárín kí òjò àti ìmọ́lẹ̀ lè wọlé, ìdáná wà lẹ́yìn pátápátá. Ìdílé kan ni wọ́n kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ fún.

Lẹ́yìn 1954 tí Faransé kó ẹrù wọn lọ, ìjọba pín àwọn ilé náà fún ọ̀pọ̀ ìdílé. Márùn-ún, mẹ́fà, ẹnu ọ̀nà kan, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan. Wọ́n fi pákó gé àgbàlá sí yàrá. Bàbá kan tó ń tún bàtà ṣe ní Hang Bo sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ wa pé yàrá tí òun, ìyàwó, ọmọ méjì àti ìyá òun gbé fún ogún ọdún kò gba ju ẹní méjì lọ. Nígbà tí òfin wá ní kí wọ́n máa tajà ní 1986, níbo ni wọn ì bá tajà sí? Iwájú ilé ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dáná, tí wọ́n ń fọ abọ́, tí wọ́n ń gẹ irun, tí ọmọ ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, tí bàbá ń ta ayò. Ẹ̀bá títì di pálọ̀ fún ẹni tí kò ní pálọ̀.

Àwọn onímọ̀ nípa ètò ìlú tí wọ́n ti ṣèwádìí níbẹ̀ máa ń tẹnu mọ́ kókó yìí: pé ní Hanoi, kò sí ààlà tó ṣe kedere láàárín ilé àti ìta, ẹ̀bá títì sì jẹ́ owó oúnjẹ, ilé ìpàdé àti àyè ìsinmi lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó wà ní ọ́fíìsì ìlú náà ní tiwọn: arúgbó àti aláboyún ń bọ́ sójú títì nítorí pé àga àti alùpùpù ti gba ibi tí wọn ì bá rìn sí. Òótọ́ ni èyí náà. Mo rí ìyá arúgbó kan tó ń fi ọ̀pá rìn láàárín àwọn alùpùpù, tí àwa àlejò jókòó sí ọ̀nà rẹ̀, tí a ń mu bíà.

Ọdún mélòó ni yín?

Kí akẹ́kọ̀ọ́ wa tó sọ orúkọ rẹ̀, ó ti béèrè ọjọ́ orí wa níkọ̀ọ̀kan. Ojú ti Àbúrò, nítorí pé níbi tí wọ́n tọ́ ọ dàgbà, ẹnikẹ́ni kì í bi àlejò bẹ́ẹ̀. Àwa tó kù kò rí ohun tó burú nínú rẹ̀. Ní Vietnam, ènìyàn kò lè bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀ dáadáa láìmọ ẹni tó ṣáájú: bí ẹ̀gbọ́n ni, bí àbúrò ni, bí ó tó ìyá ẹni ni, bí ó tó bàbá àgbà ni. Àjèjì lójú pópó náà gbọ́dọ̀ gba ipò rẹ̀. Láti ìgbà náà, Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé oúnjẹ fún níbi gbogbo, ó sì ń mi orí bí ẹni tó ti padà sílé.

Ohun kan tún wà tí kò jẹ́ kí n gbádùn. Gbogbo pátákó ìlú náà ló ní àmì: àmì ohùn lókè, àmì kékeré nísàlẹ̀ lẹ́tà, àní lára ògiri ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Àwọn oníwàásù Kátólíìkì ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èdè wọn bẹ́ẹ̀, ìwé ìtumọ̀ Alexandre de Rhodes sì jáde ní Róòmù ní 1651. Lónìí, kò sí ìwé ìròyìn wọn tó máa yọ àmì náà kúrò, kò sí ọmọdé tó ń fi fóònù kọ̀wé tí kò mọ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Èdè olóhùn ni tiwọn, bíi tiwa. Mo wo pátákó wọn, mo rántí pátákó Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, mo sì jowú wọn tọkàntọkàn.

Oúnjẹ ojú pópó

Ní ọ̀sán, èéfín èédú ló máa ń fi ọ̀nà hàn. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń sun, obìnrin kan ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i lẹ́bàá títì, wọn a kó o sínú omi ọbẹ̀ tó ní omi ẹja oníyọ̀, ọtí kíkan àti ṣúgà, pẹ̀lú núdùsì ìrẹsì funfun àti ewé tútù ẹ̀kún agbọ̀n. Bun cha nìyẹn. Ní oṣù Karùn-ún 2016, Barack Obama, tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, jókòó sórí àga rọ́bà, òun àti Anthony Bourdain, tó ń ṣe ètò oúnjẹ lórí tẹlifíṣọ̀n, jọ jẹ ẹ́ ní Hanoi. Ilé oúnjẹ náà ti fi gíláàsì bo tábìlì yẹn báyìí.

Ọ̀rẹ́ mi kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, Mùsùlùmí ni. Mo rò pé ìyà ni yóò jẹ ẹ́. Ẹja ló gbà á là: òpópónà Cha Ca, tí wọ́n fi orúkọ oúnjẹ sọ, ni wọ́n ti ń fi ata ilẹ̀ pupa dín ẹja pẹ̀lú ewé olóòórùn dídùn àti àlùbọ́sà ewé, níwájú ẹni lórí tábìlì. Ní ọjọ́ Ẹtì, ó kírun ní Hang Luoc, ní mọ́sáláṣí Al-Noor tí àwọn oníṣòwò láti Íńdíà kọ́ ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Òun nìkan ni mọ́sáláṣí tó wà ní Hanoi. Ó ní àwọn ará Íńdíà, Malaysia àti àwọn òṣìṣẹ́ ilé aṣojú orílẹ̀-èdè ló kún inú rẹ̀, pé àwọn obìnrin ibẹ̀ bi í léèrè bí oòrùn ṣe ń mú tó nílùú rẹ̀.

Kọfí ẹyin náà ní ìtàn. Ní 1946, mílíìkì wọ́n bí ojú. Nguyen Van Giang, tó ń ṣiṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì Metropole, po pupa ẹyin àti ṣúgà títí ó fi hó bí ìfófòó, ó sì dà á lé kọfí. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń ta á lónìí. Ọ̀wọ́n ló bí i, gẹ́gẹ́ bí ọ̀wọ́n ṣe bí ọ̀pọ̀ nǹkan ní ìlú yẹn.

Àwọn ìyá alápẹ̀rẹ̀

Akẹtẹ̀ lórí, ọ̀pá oparun lójú èjìká, apẹ̀rẹ̀ méjì lórí rẹ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Fọ́tò wọn wà lára gbogbo káàdì ìkíni tí wọ́n ń tà fún àlejò. Ṣùgbọ́n Hanoi kọ́ ni ilé ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Abúlé olóko ìrẹsì ní agbègbè Odò Pupa ni wọ́n ti ń wá. Bí wọ́n bá gbin ìrẹsì tán, wọn a fi ọmọ sílẹ̀ fún ọkọ tàbí ìyá àgbà, wọn a wá sí ìlú, wọn a gba yàrá kan lọ́pọ̀ nítòsí odò, wọn a máa sùn sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ní òru, nígbà tí àwọn tó ń pọn báàgì ń bọ̀ láti Ta Hien, àwọn wọ̀nyí ń lọ sí ọjà Long Bien lọ ra èso.

Ní 2008, ìjọba ìlú náà fòfin de ìkiri ní òpópónà 62. Ní 2017, wọ́n tún jáde pẹ̀lú òòlù, wọ́n fọ́ àtẹ̀gùn àti ìbòrí tí àwọn onílé fi gba ẹ̀bá títì. Àwọn olùwádìí tí wọ́n ti bá àwọn ìyá yìí rìn sọ pé òfin náà kò lé wọn lọ. Ó kọ́ wọn ní wákàtí tí ọlọ́pàá ń jẹun ni. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi í jókòó. Ẹni tó bá jókòó ni wọ́n ń mú, apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ a sì bá ọkọ̀ lọ.

Wọ́n máa ń rẹ́ àlejò jẹ. N kò ní fi pamọ́. Obìnrin kan a fi ọ̀pá rẹ̀ sí èjìká yín, a dé yín ní akẹtẹ̀, ẹ ó rẹ́rìn-ín fún fọ́tò, lẹ́yìn náà ẹ ó gbọ́ iye tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta jẹ́. Ọmọkùnrin kan a ki bàtà yín mọ́lẹ̀, a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó sọ pé kò ya. Ẹ tún wo owó dáadáa: 20,000 àti 500,000 dong jọ ara wọn ní àwọ̀, búlúù ni méjèèjì, lálẹ́ ojú kì í tètè rí òdo tó lé. Síbẹ̀, nígbà tí àlejò kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì lo gbogbo ìrọ̀lẹ́ láti fi sọ bí wọ́n ṣe gba owó tí kò tó dọ́là méjì lọ́wọ́ òun, ó dùn mí. Ó ti san ìlọ́po ìlọ́po rẹ̀ fún ẹni tó máa gbé e lọ wo òkè àti òkun ní Ha Long láìjanpata.

Ibi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń gba ẹnu ọ̀nà ilé kọjá náà, ìjà kan náà ni. Faransé ló la ojú irin náà já ìlú. Ilé wá sún mọ́ ọn títí ènìyàn fi lè na ọwọ́ kan ọkọ̀. Nígbà tí àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í wá ya fọ́tò, àwọn onílé ń ta kọfí fún wọn, ara wọ́n dẹ̀ díẹ̀. Ìjọba ti ibẹ̀ pa ní 2019 nítorí ewu, wọ́n tún ti í ní 2022. Kọfí ń wọlé padà ní gbogbo ìgbà.

Ta ni yóò ra alùpùpù oníná?

Ní oṣù Keje 2025, olórí ìjọba Vietnam pàṣẹ pé kí Hanoi múra láti dá alùpùpù elépo dúró ní àárín ìlú, nínú òpópónà roboto tí wọ́n ń pè ní àkọ́kọ́, láti ọjọ́ 1 oṣù Keje 2026. Èéfín ló fà á. Ní ìgbà òtútù, afẹ́fẹ́ Hanoi máa ń wà lára àwọn tó burú jù ní àgbáyé, àwọn dókítà sì ti kígbe títí nípa ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọmọdé. Ní òwúrọ̀ kan, a kò rí òdì kejì adágún; kì í ṣe kùrukùru.

Mi ò lè ta ko afẹ́fẹ́ tó mọ́. Ẹ̀gbọ́n ni kò jẹ́ kí n tètè yọ̀. Ó ṣojú rẹ̀ nígbà tí wọ́n lé ọ̀kadà kúrò ní apá kan Èkó ní oṣù Kejì 2020, tí àwọn ọmọ ìsọ̀ rẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ rìn láti afárá, àti nígbà tí wọ́n tún fi òfin dè é pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ní oṣù Kẹfà 2022. Ó ní kì í ṣe pé òfin burú, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ fi ohun tí ènìyàn máa wọ̀ hàn án kí wọ́n tó gba èyí tó ń gùn.

Ẹ̀rù mìíràn tún wà ní Hanoi. Ní oṣù Kẹsàn-án 2023, iná jó ilé alájà púpọ̀ kan ní òru, ènìyàn 56 kú, ìsàlẹ̀ ilé níbi tí wọ́n ń gbé alùpùpù sí ni iná náà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń gbé ilé tóóró aláyè kan ń béèrè ibi tí wọ́n máa ti gba iná sí bátìrì alùpùpù oníná mẹ́wàá lóru.

Ìyá kan tó ń ta ọsàn àti èso dírágónì ní ìta ọjà Long Bien, tí ó sì gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ wa túmọ̀ ọ̀rọ̀ òun, ṣe ìṣirò tirẹ̀ fún wa lórí páálí. Honda rẹ̀ ti ju ọmọ rẹ̀ àgbà lọ lọ́jọ́ orí. Ó ń fi gbé agbọ̀n mẹ́rin, ẹni tó bá sì ra Honda àtijọ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní san ìdajì owó oníná tuntun. Ó kọ iye èso tó gbọ́dọ̀ tà kí ó tó lè rí ìyókù san, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó sì yí páálí náà sí ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n, nítorí wọ́n ti sọ fún un pé oníṣòwò ni. Ẹ̀gbọ́n wò ó títí. Ó ní ìṣirò náà pé. Ó bi í bóyá banki wọn máa ń yá aláte lówó. Obìnrin náà ní rárá, pé ẹni tí kò ní ìsọ̀ kò ní ohun ìdúró. Ẹ̀gbọ́n ní bákan náà ni ní Ìdúmọ̀tà, pé èésú ni wọ́n fi ń ra nǹkan ńlá. Akẹ́kọ̀ọ́ túmọ̀ rẹ̀. Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó tọ́ka sí àwọn mẹ́ta tó jókòó ti ìsọ̀ kejì: àwọn náà ti ń dá a, oṣù tó ń bọ̀ ni yóò kàn án, ṣùgbọ́n owó ilé ìwé ọmọ ló fẹ́ fi san.